Bí Eyín Ọmọ Bá Ń Bá Ahọ́n Rẹ̀ Jà

Àwọn àgbà wa a máa wí pé eyín àti ahọ́n a máa jà, wọn a sì tún parí rẹ̀, nítorí pé inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ta ni nínú wa tí kò tíì gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ rí níbi tí ó ti ń kánjú jẹun? Kí ọjọ́ mélòó kan tó kọjá, ibẹ̀ a ti jinná, a ó sì ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí ìjà eyín àti ahọ́n wọn kì í parí. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gé ètè ara wọn jẹ. Òmíràn a máa jẹ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, òmíràn a máa jẹ ahọ́n títí ẹran ibẹ̀ yóò fi já, òmíràn a tilẹ̀ máa gé ọmọ ìka ọwọ́ rẹ̀ jẹ.

Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà ní agboolé, ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Ẹnì kan a ní àbíkú ni. Ẹnì kejì a ní ayé ni ó ń bá a jà. Ẹnì kẹta a ní ìyá rẹ̀ ni ó kẹ́ ẹ bà jẹ́, kí wọ́n kàn nà án dáadáa. Ẹni tí ó rò pé òun gbọ́n jù a sì ní kí wọ́n kúkú yọ gbogbo eyín rẹ̀ dànù. Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ mọ́ṣáláṣí mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé ọmọ náà wá fún àdúà àti hàǹtú, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan dókítà eléyín.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá fi sọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ tòní. Ọmọ tí ń fi eyín ṣe ara rẹ̀ léṣe kì í ṣe ìkà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ burúkú. Ìdí kan wà tí ó fi ń ṣe é. Ẹni tí ó bá wá ìdí náà kí ó tó mú ẹgba tàbí ẹ̀mú, òun ni yóò lè gba ẹnu ọmọ náà là. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ìdí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tí ó rọrùn títí dé orí èyí tí ó le jù.

ỌMỌ ỌWỌ́ ÀTI EYÍN TUNTUN

Bí ọmọ bá tó bí oṣù mẹ́fà, eyín méjì iwájú nísàlẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yọ. Eyín tuntun a máa mú. Nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú, ahọ́n rẹ̀ a máa lọ síwájú sẹ́yìn lórí eyín náà. Bí eyín bá ń ha ahọ́n bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, egbò a dá sí abẹ́ ahọ́n. Dókítà ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Antonio Riga ni ó kọ̀wé nípa egbò yìí ní ọdún 1881. Ará Ítálì mìíràn, Fede, tún kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1890. Orúkọ àwọn méjèèjì ni àwọn oníṣègùn fi ń pe àrùn náà títí di òní.

Àmì rẹ̀ ni pé ebi a máa pa ọmọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbá ọmú mú, a fi í sílẹ̀, a bú sẹ́kún. Ìyá a ní, "Eyín ni ó ń yọ," a sì lọ ra oògùn eyín yíyọ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ rọra gbé ahọ́n ọmọ sókè kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí egbò níbẹ̀, dókítà eléyín lè họ ẹnu eyín náà díẹ̀ kí mímú rẹ̀ lè lọ, tàbí kí ó fi ohun funfun kan tí ń le bí òkúta bo orí rẹ̀ kí ó lè dán. Bí eyín kò bá ha ahọ́n mọ́, egbò náà a jinná.

Àwọn ọmọ mìíràn wà tí a bí pẹ̀lú eyín lẹ́nu. Èyí kì í ṣe àmì ibi. Bí eyín náà bá ń mì débi pé ó lè já bọ́ sí ọmọ lọ́fun, dókítà a yọ ọ́. Bí ó bá dúró gbọn-in, a lè fi í sílẹ̀, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan nínú eyín àkọ́hù ọmọ náà gan-an ni ó tètè dé. Ẹ má ṣe fi èékánná tàbí òwú yọ ọ́ nílé.

ÈTÈ TÍ ABẸ́RẸ́ MÚ KÚ

Èyí wọ́pọ̀ púpọ̀. Bí dókítà bá fẹ́ dí eyín tàbí yọ eyín ọmọ, a kọ́kọ́ gún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú ibẹ̀ kú. Iṣẹ́ a parí, ọmọ kò sì sunkún, inú gbogbo ilé a dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá padà délé, ètè náà ṣì kú sílẹ̀ fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. A máa ṣe ọmọ bí ẹni pé kì í ṣe ètè rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín rún un bí ẹni ń jẹ gọ́ọ̀mù, nítorí pé kò dùn ún. Nígbà tí oògùn bá fi máa dá lára rẹ̀, ètè ti bẹ́, ẹkún sì dé.

Lọ́jọ́ kejì, ètè náà a wú, nǹkan funfun a sì bò ó. Ìyá a rò pé ọyún ni. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ọyún. Bí egbò inú ẹnu ti ń jinná nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé, tàbí bí wíwú náà bá ń pọ̀ sí i, ẹ gbé ọmọ padà sọ́dọ̀ dókítà. Èyí tí ó sàn jù ni kí ó má ṣẹlẹ̀ rárá. Kí àgbàlagbà kan jókòó ti ọmọ náà títí ẹnu rẹ̀ yóò fi ṣí. Kí ó má jẹ ohun líle, kí ó má mu ohun gbígbóná, kí ẹ sì máa rán an létí pé kí ó fi ètè rẹ̀ sílẹ̀.

GÌRÌ ÀTI ṢÍBÍ

Bí gìrì bá mú ọmọ, tàbí bí ó bá jẹ́ ọmọ tí ó ní wárápá, eyín rẹ̀ lè pa dé mọ́ ahọ́n, ẹ̀jẹ̀ a sì máa jáde. Ẹ̀rù a ba gbogbo ilé, ẹnì kan a sì kígbe pé, "Ẹ mú ṣíbí wá!" Wọn a fi ipá ki ṣíbí bọ àárín eyín ọmọ, nítorí pé wọ́n rò pé yóò gbé ahọ́n rẹ̀ mì. Ẹ̀yin ará mi, kò sí ẹni tí ń gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Ahọ́n tí a gé jẹ a máa jinná, ṣùgbọ́n eyín tí ṣíbí kán kì í so padà, eyín tí ó já sì lè bọ́ sí ọmọ lọ́nà ọ̀fun kí ó dí èémí rẹ̀. Ẹni tí ó ki ìka ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu náà kò ní í lọ láìfara gbọgbẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn jáde, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ẹ gbé ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ má sì fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Kì í ṣe ṣíbí nìkan. Omi pẹ̀lú, àgbo pẹ̀lú. Àgbo ìtọ̀ màlúù àti tábà tí wọ́n ń rọ fún ọmọ onígìrì ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé a máa mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sílẹ̀, a sì máa dá èémí dúró. Bí gìrì náà bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ẹ sáré gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Bí ó bá sì ti dáwọ́ dúró kí ó tó tó bẹ́ẹ̀, kí dókítà ṣì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà, pàápàá bí ibà bá wà lára rẹ̀.

ỌMỌ TÍ KÒ LÈ SỌ PÉ NǸKAN Ń DUN ÒUN

Àwọn ọmọ kan wà tí ọpọlọ wọn ti fara gbọgbẹ́, yálà nítorí pé wọn kò tètè mí nígbà tí a bí wọn, tàbí nítorí ibà pọ́njú ọmọ tuntun tí a kò tètè tọ́jú, tàbí nítorí ibà líle tí ó wọ ọpọlọ. Ẹnu irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa pa dé fúnra rẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀. Bí ètè tàbí ahọ́n bá wà láàárín, a gé e. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ní ohun tí a ń pè ní ọ́tísíìmù, tí ọ̀rọ̀ sísọ sì nira fún wọn.

Ọmọ tí ó lè sọ̀rọ̀ a sọ pé, "Màámi, eyín ń dùn mí." Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò gé jẹ, tàbí kí ó máa gbá ara rẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tàbí kí ó máa jẹ ètè. Nítorí náà, bí ọmọ tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí nǹkan ti ń dùn ún. Ẹ wo eyín rẹ̀ bóyá ihò wà níbẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀ bóyá ó ń ṣe ọyún. Ẹ rántí bóyá ó ti ya ìgbẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wo ọ̀fun rẹ̀. Nígbà mìíràn, eyín kan ṣoṣo tí ó jẹrà ni ó ń da gbogbo ilé láàmú. Bí dókítà bá ti tọ́jú rẹ̀, ọmọ a jáwọ́.

Bí ẹ kò bá rí ohunkóhun, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ àkókò tí ó ń gé ara rẹ̀ jẹ sínú rẹ̀, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ṣé nígbà tí ebi ń pa á ni? Ṣé nígbà tí ariwo pọ̀ ni? Ṣé nígbà tí ẹ bá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Ìwé kékeré yìí yóò wúlò fún dókítà ju gbogbo àlàyé tí ẹ lè ṣe lẹ́nu lọ. Ọmọ mìíràn ti rí i pé bí òun bá ti gé ọwọ́ jẹ, gbogbo ènìyàn a sáré wá. Irú ọmọ yìí, kí ẹ máa sáré lọ bá a nígbà tí kò gé ara rẹ̀ jẹ. Bí ó bá gé e jẹ, ẹ tọ́jú egbò náà pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, láìpariwo, láìnà án.

ỌMỌ TÍ KÒ MỌ ÌRORA

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sọ pé, "Ọlọ́hun ì bá jẹ́ kí n má mọ ìrora!" Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ yìí ná. Ní ìhà àríwá ilẹ̀ Pakistan, ọmọkùnrin kan wà tí ó máa ń fi idán pa owó ní ìgboro. A máa fi ọ̀bẹ gún apá ara rẹ̀ já, a sì máa rìn lórí ẹyín iná, kò sì ń dùn ún. Kí ó tó pé ọmọ ọdún 14, ó bẹ́ láti orí òrùlé níbi tí ó ti ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré, ó sì kú. Àwọn oníṣègùn wá yẹ ìdílé mẹ́ta tí ó tan mọ́ra wò níbẹ̀, wọ́n sì gbé ìwé jáde ní ọdún 2006. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n rí tí kò mọ ìrora rárá láti ọjọ́ tí a ti bí wọn. Gbogbo wọn ni ó ti fi eyín ṣe ètè tàbí ahọ́n ara wọn léṣe kí wọ́n tó ju ọmọ ọdún 4 lọ. Àwọn méjì nínú wọn ti gé iwájú ahọ́n wọn jẹ kúrò.

Ohun tí àwọn oníṣègùn náà rí ni pé àbùdá kan, tí wọ́n ń pè ní SCN9A, ti bà jẹ́ lára àwọn ọmọ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí àwọn iṣan ara gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ìròyìn kì í dé. Irú kejì àrùn yìí tún wà, tí ọmọ kì í mọ ìrora, tí kì í sì í làágùn, tí ara rẹ̀ sì máa ń gbóná gan-an nínú ooru. Ọdún 1996 ni wọ́n mọ àbùdá tí ó ń fa ìyẹn.

Láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń gba àbùdá bẹ́ẹ̀, bí ara àwọn méjèèjì tilẹ̀ dá ṣáṣá. Nítorí èyí ni a ṣe ń rí i jù níbi tí ìbátan ti ń fẹ́ ìbátan. Ẹ̀sìn wa kò ka fífẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò òbí ẹni sí èèwọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣà Yorùbá kò gbà á. Ṣùgbọ́n bí irú àrùn yìí bá ti wà nínú ẹbí kan, ọgbọ́n ni kí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó so yìgì láàárín ìbátan.

Báwo ni ìyá yóò ṣe fura? Ọmọ a gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láìsunkún rárá. A ṣubú, a sì dìde bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí eyín bá hù, egbò a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ahọ́n àti ní ìka ọwọ́. Ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a mọ ìrora. Kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ẹ̀kọ àti omi ìwẹ̀ wò, kí ó sì máa yẹ ẹnu, ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ wò ní àràárọ̀ àti ní alaalẹ́. Eyín ọmọ náà lè jẹrà títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi wú, kí ó má sọ nǹkan kan.

ỌMỌ TÍ Ń SUNKÚN BÍ Ó TI Ń GÉ ARA RẸ̀ JẸ

Àrùn yìí ni ó yani lẹ́nu jù. Ní ọdún 1964, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, Michael Lesch tí ó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn lọ́wọ́, àti ọ̀gá rẹ̀ William Nyhan, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Àwọn ọmọ yìí ń gé ètè àti ìka ọwọ́ ara wọn jẹ. Wọ́n mọ ìrora dáadáa; bí wọ́n ti ń gé ara wọn jẹ ni wọ́n ń ké. Ní ọdún 1967, àwọn oníṣègùn rí ohun tí ó ṣaláìsí nínú ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nítorí àìsí rẹ̀, èròjà kíkan kan a máa pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ìtọ̀. Nígbà tí ọmọ bá ṣì kéré, ìyá lè rí ohun kan bí iyanrìn pupa-rúsúrúsú lórí aṣọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá ti ń dàgbà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu, kò sì ní í lè rìn. Lẹ́yìn tí eyín bá ti hù, ní bí ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta, gígé ara ẹni jẹ a bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin ni àrùn yìí ń mú, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá lè gbé àbùdá rẹ̀ láìmọ̀, kí ara tirẹ̀ sì le koko. Kò wọ́pọ̀: wọ́n ṣírò rẹ̀ sí ọmọ 1 nínú nǹkan bí 380,000 tí a bá bí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ tóbi. Àwọn ọmọ wọ̀nyí fúnra wọn a máa bẹ àwọn òbí wọn pé kí wọ́n di ọwọ́ àwọn mú. Bí a bá fi aṣọ rírọ̀ di ọwọ́ wọn, ara wọn a balẹ̀, wọn a rẹ́rìn-ín. Bí a bá tú u, ẹ̀rù a bà wọ́n. Ẹ̀rù ẹnu ara wọn ń ba àwọn ọmọ náà! Ta ni yóò gbọ́ èyí tí yóò tún ní kí wọ́n na irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Oògùn kan wà tí ń jẹ́ allopurinol. Ó ń dáàbò bo kíndìnrín wọn, ṣùgbọ́n kì í dá gígé ara ẹni jẹ dúró. Nítorí náà ni iṣẹ́ dókítà eléyín ṣe ṣe pàtàkì.

OHUN TÍ DÓKÍTÀ ELÉYÍN LÈ ṢE

Èkíní, yóò yẹ ẹnu wò, yóò sì tọ́jú eyín tí ó jẹrà. Bí ẹnu eyín kan bá mú jù, tàbí tí ó kán, yóò họ ọ́ kí ó dán.

Èkejì, ó lè ṣe ìbòrí fún eyín. Yóò fi ohun rírọ̀ kan tí ó rí bí ẹ̀kọ tí ó fẹ́ dì sí ọmọ lẹ́nu, eyín a tẹ àmì sínú rẹ̀. Láti inú àmì yẹn ni wọn yóò ti fi rọ́bà ṣe ìbòrí tí yóò bá eyín ọmọ náà mu rẹ́gí. Ìbòrí yìí kì í jẹ́ kí eyín ráyè gé ẹran. Ó gbọdọ̀ tóbi tó, kí ó sì dúró dáadáa, kí ọmọ má baà gbé e mì. Ìyá a máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, dókítà a sì máa wò ó láti ìgbà dé ìgbà, nítorí pé ẹnu ọmọ ń dàgbà, eyín tuntun sì ń hù. Oríṣi mìíràn wà tí wọ́n ń so mọ́ eyín ẹ̀yìn, tí ń ti ètè jìnnà sí eyín iwájú.

Ẹ̀kẹta, fún àwọn ọmọ kan, àwọn àgbà oníṣègùn a máa gún iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní abẹ́rẹ́ tí ń dín agbára ẹnu kù fún oṣù díẹ̀, kí egbò lè ráyè jinná.

Yíyọ eyín ńkọ́? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí a bá yọ eyín àkọ́hù, eyín àgbà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní bí ọmọ ọdún mẹ́fà, ọ̀rọ̀ a sì padà sí ibi tí ó wà. Eyín ni ọmọ fi ń jẹun, òun ni ó sì fi ń pe ọ̀rọ̀ kí ó já gaara. Nítorí náà, ìkẹyìn ni yíyọ eyín. Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kò yẹ láéláé. Àwọn ọmọ kan wà, pàápàá àwọn tí ó ní àrùn tí Lesch àti Nyhan kọ nípa rẹ̀, tí a ó ti ṣe gbogbo èyí tí ètè wọn yóò ṣì máa já. Bí dókítà àti òbí bá jọ fẹnu kò pé kí a yọ eyín kí a lè gba ètè àti ahọ́n là, kí ìyá má ṣe ro ara rẹ̀ sí òdaràn. Àánú ni ó ṣe ọmọ rẹ̀.

IṢẸ́ ÌYÁ NÍLÉ

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 láìṣí i wò. Bí kò bá dá, tàbí bí ojú ọgbẹ́ bá ya sílẹ̀, ọsibítù ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe fi karosíìnì, eérú, omi bátìrì tàbí ògógóró sí egbò ẹnu. Ọmọ tí ó bá mọ bí a ti ń yọ ẹnu nù lè fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ọ́.

Láti ọjọ́ tí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ ni kí ẹ ti máa fọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́. Ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride ni ó dára. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ti tó; láti ọdún 3 dé 6, ìwọ̀n ẹ̀wà kékeré kan. Bí ọmọ náà bá máa ń gé ènìyàn jẹ, ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ gbé orí rẹ̀ lé itan yín, kí ẹnì kan bá yín di ọwọ́ rẹ̀ mú jẹ́jẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìka ọwọ́ yín. Orín jẹ́ sunna Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ó sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀yin òbí ẹ máa rin orín kí ọmọ máa wò yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kó orín líle fún ọmọ tí kò lè káwọ́ ara rẹ̀, kí ó má baà fi gún ọ̀fun. Lẹ́yìn oògùn olómi dídùn, ẹ nu eyín ọmọ, nítorí pé ṣúgà inú rẹ̀ ń jẹ eyín.

Bí ọmọ bá tó ọdún kan, kí dókítà eléyín ti rí i lẹ́ẹ̀kan, bí nǹkan kò tilẹ̀ ṣe é. Ọsibítù Ìdí-Àràbà ní Èkó, UCH ní Ìbàdàn, àti ọsibítù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní àwọn dókítà tí ó jẹ́ pé eyín ọmọdé gan-an ni iṣẹ́ wọn.

Ọ̀RỌ̀ FÚN BÀBÁ ÀTI ÀWA ARÁ MỌ́ṢÁLÁṢÍ

Ẹ̀sìn kọ́ wa pé a kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọdé lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ni a kì í kọ ọ́ sí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé lọ́rùn. Bí Ọlọ́hun kò bá kọ ọ́ sí i lọ́rùn, ta ni àwa tí a ó fi ẹgba kọ ọ́? Ànábì wa kọ́ wa pé kí a máa wá ìwòsàn. Àdúà wa kò bá iṣẹ́ dókítà jà. Ẹ gbé ọmọ wá fún àdúà, a ó ṣe é tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ má da hàǹtú sójú egbò ẹnu, nítorí pé tàdáwà àti omi tí a kò sè lè mú egbò náà kẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, bí ọmọ bá ní irú àrùn yìí, ẹ má ṣe sọ pé ìran ìyá rẹ̀ ni ó ti wá, kí ẹ sì lọ fẹ́ òmíràn. Ìyá tí kì í sùn lóru, tí ó ń di ọwọ́ ọmọ mú kí ó má baà jẹ ètè rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ ni ó ń fẹ́, kì í ṣe ẹ̀bi. Ẹ gbà á fún un ní alẹ́ ọjọ́ kan kí ó lè sùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àdínì obìnrin, owó ọkọ̀ lọ sí ọsibítù fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ jẹ́ sàárà gidi.

Lálẹ́ òní, kí ọmọ tó sùn, ẹ mú iná sún mọ́ ọn, ẹ ní kí ó la ẹnu. Ẹ wo ètè, ẹ wo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ wo abẹ́ ahọ́n. Bí ẹ bá rí egbò tí ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò jinná, tàbí èyí tí ń jinná tí ó tún ń padà, ẹ má dúró de ọ̀rọ̀ àwọn ará agboolé. Ẹ gbé ọmọ yín lọ.

Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa wo gbogbo ọmọ wa, kí ó sì fún àwọn ìyá wọn ní sùúrù àti okun. Àmín.